Ohun Tí Judi Dench Ń Fi Pamọ́

Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹkún ni wọ́n fi ń wọn òṣèrébìnrin. Kí ìyá ọmọ ṣubú lulẹ̀, kí gèlè já, kó máa yí gbirigbiri nílẹ̀, kí ikun dàpọ̀ mọ́ omijé, ìgbà náà ni olùdarí eré á pariwo "Kọ́ọ̀tì!", tí àwọn tó wà nídìí kámẹ́rà á bú sí àtẹ́wọ́. Èmi náà ti jẹ nínú àtẹ́wọ́ yẹn, mi ò sì ní purọ́, ó máa ń dùn mọ́ni. Àmọ́ òṣèré kan wà tí mo máa ń padà lọ wò nígbàkígbà tí iṣẹ́ yìí bá fẹ́ sú mi. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni, kò ga, ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tí òtútù mú, Judi Dench sì ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1934 ni wọ́n bí i, ó ju ẹgbẹ́ mi lọ dáadáa. N óò máa pè é ní "ó" kí ọ̀rọ̀ lè máa lọ geere. Bí mo bá pàdé wọn lójúkojú, orí ìkúnlẹ̀ ni n óò wà.

Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti wò. Shakespeare in Love jáde lọ́dún 1998, Dench ló sì ṣe Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo ibi tó ti yọjú jọ, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n pín àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ló gba ti òṣèrébìnrin tó kó ipa àtìlẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ lórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ náà pé fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, díẹ̀ lára ère náà ló yẹ kí wọ́n fún òun. Àwọn kan ní owó ìtanràn ni wọ́n san, nítorí pé ó ti ṣe Ọbabìnrin Victoria nínú Mrs Brown lọ́dún tó ṣáájú, Oscar ò sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọba ti ń jáde kúrò nílé eré lápá ìparí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń dúró dè é, omi ẹrẹ̀ sì dágún sójú ọ̀nà. Ó dúró létí omi náà. Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn lójú: ta ni yóò bọ́ aṣọ àwọ̀lékè olówó ńlá rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ kí ọba lè gbà á kọjá? Kí wọ́n tó pinnu, ó ti sọ fún wọn pé ó ti pẹ́ jù, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ inú omi, ó ti ń lọ.

Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, mà á ti wò wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mà á sì ti pòṣé kan tí wọ́n máa gbọ́ dé ẹ̀yìn odi. Dench ò ṣe ìyẹn. Ó sọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ti mọ̀ láti ilé pé wọn ò ní í tètè ṣe é. Díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ọba yìí kan náà ti sọ pé òun mọ ohun tí ojú obìnrin ń rí nídìí iṣẹ́ tí wọ́n ní ti ọkùnrin ni. Gbogbo ọdún tó ti fi jókòó láàárín àwọn ọkùnrin tí kì í tètè ṣe ohun tó yẹ wà nínú ìdúró rẹ̀ létí omi yẹn. Ó gbé odindi ayé ọba kan wọlé, ó fi ìka kan hàn wá níbẹ̀, ó sì kó ìyókù pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Èyí tó kó pamọ́ yẹn gan-an ni a ń wò.

Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ irú èyí? Ìlú York, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí. Dókítà ni bàbá rẹ̀, òun ló sì ń tọ́jú àwọn òṣèré ilé ìtàgé Theatre Royal tó wà nílùú náà. York ní eré Bíbélì kan tí àwọn ará ìlú ti ń ṣe láti ayé ìgbà tí ọba ń jagun lórí ẹṣin. Wọ́n sọ ọ́ jí padà ní àwọn ọdún 1950, Dench ọmọdébìnrin sì wọ aṣọ áńgẹ́lì nínú rẹ̀. Kì í ṣe òṣèré ló kọ́kọ́ fẹ́ dà. Iṣẹ́ ẹni tó ń ya ìtàgé tó sì ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ló wù ú. Nígbà tó rí ìtàgé tí wọ́n ṣe fún King Lear ní Stratford lọ́dún 1953, tí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbé sáàárín ń di ìtẹ́ ọba, tó tún ń di ihò àpáta, ó mọ̀ pé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ò lè wá sí òun lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti gba ọ̀nà eré ṣíṣe, òun náà bá tẹ̀ lé e lọ sí Central School ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́dún 1957, bó ṣe jáde nílé ẹ̀kọ́ báyìí, ẹgbẹ́ Old Vic gbé Ophelia inú Hamlet lé e lọ́wọ́. Ipa tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ń jà sí ni. Àwọn aláríwísí ò ṣàánú rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ náà sì fẹ́ gbé eré lọ sí Amẹ́ríkà, ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní Ophelia. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá ti di ẹrù. Òun bá wọn lọ, ó ṣe ipa kéékèèké tí wọ́n fún un, ó sì ń bá ẹgbẹ́ yẹn ṣe é títí di 1961. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá gba ipa ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò bá ìbínú lọ yóò ráyè wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é.

Ojú rẹ̀ náà dá a dúró. Ẹnìkan nínú àwọn oníṣẹ́ fíìmù ayé ìgbà yẹn wò ó tán, ó ní kò sí ohun tó wà bó ṣe yẹ lójú rẹ̀ rárá. Ó ń yọ nínú fíìmù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìtàgé ló gbé, tẹlifíṣọ̀n sì tẹ̀ lé e. Ó ti pé ọgọ́ta ọdún kí ayé gbogbo tó mọ ojú yẹn nínú sinimá, nígbà tó di M, ọ̀gá James Bond, nínú GoldenEye lọ́dún 1995. Ó ṣe M títí wọ́n fi pa á nínú Skyfall lọ́dún 2012. Níbi tí wọ́n ti ń fún obìnrin ní ipa ìyá ìyàwó gbàrà tí ewú bá yọ lórí rẹ̀, ìtàn yìí máa ń mú mi rẹ́rìn-ín.

Àwa náà ní ìpín díẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1963, òmìnira ṣì tutù lọ́wọ́ wa, ilé ìtàgé Nottingham Playhouse gbé eré wá sí Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone. John Neville ṣe Macbeth, Dench ṣe aya rẹ̀, ó sì tún ṣe Viola nínú Twelfth Night. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ìgbà náà ń ka Shakespeare fún ìdánwò, wọn ò ṣàìmọ ohun tí wọ́n ń wò. Ọdún kan náà yẹn ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá tó jẹ́ pé bó bá ti gbójú sókè lásán, ilé eré á ti dà rú fún ẹ̀rín. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, Wálé Ògúnyẹmí ti sọ Macbeth di Ààrẹ Akogun. Kò yani lẹ́nu. Ajagun tí agbára ń pa bí ọtí, tí aya rẹ̀ sì ń tì í lẹ́yìn, a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ṣùgbọ́n aya Macbeth tí gbogbo oníṣẹ́ wa ṣì ń tọ́ka sí ni èyí tó ṣe ní Stratford lọ́dún 1976, lábẹ́ ẹgbẹ́ Royal Shakespeare Company, tí Trevor Nunn darí rẹ̀. Ian McKellen ni Macbeth. Wọn ò gbé e sí gbọ̀ngàn ńlá. The Other Place ni wọ́n gbé e sí, àhéré onípáànù kan tí àwọn òǹwòran ò lè kún ju ìwọ̀nba lọ, níbi tí ẹni tó jókòó níwájú ti lè gbọ́ èémí òṣèré. Wọ́n fa òbírí kan sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò kàn jókòó sórí àpótí ní etí rẹ̀, ó ń wo àwọn ẹlòmíràn. Kò sí ààfin, kò sí ọ̀ṣọ́, aṣọ pàápàá kò ní láárí. Tẹlifíṣọ̀n gbà á sílẹ̀, wọ́n sì fi hàn lọ́dún 1979. Ìyẹn la ṣì rí wò títí di òní.

Ibi méjì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò nínú rẹ̀.

Èkíní ni ibi tí obìnrin yìí ti ń pe àwọn ẹ̀mí òkùnkùn. Ọkọ rẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí i pé wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ pé òun máa jọba, obìnrin náà sì ti pinnu pé ọba tó wà lórí oyè gbọ́dọ̀ kú. Ó wá ń ké sí àwọn ẹ̀mí pé kí wọ́n gba ìwà obìnrin kúrò lára òun. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló ń ṣe ibẹ̀ bí àjẹ́: ojú á ranko, ìka á ká kò, ohùn á wúwo. Dench na ọwọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Lójijì, ó ké kékeré, ó fà sẹ́yìn, bí ẹni pé nǹkan kan fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà ló tún padà, ó tún pè wọ́n. Ìpadà yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Bó bá jẹ́ pé àjẹ́ ni, kò sí ohun tí ìpè yẹn ná an. Ṣùgbọ́n èèyàn bíi tèmi tìrẹ ni, ó mọ̀ pé ohun tí òun ń pè ń gbọ́, ẹ̀rù ń bà á, ó sì tún ń pè é nítorí ìfẹ́ ọkọ. A ò lè kórìíra rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ apànìyàn ni.

Èkejì ni ibi tó ti ń rìn lójú oorun. Ẹ̀jẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ló ń fọ̀. Ọ̀rọ̀ kúkurú kúkurú ló ń sọ, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé, igbe mẹ́ta ni Shakespeare kọ síbẹ̀. Dench so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìmí ẹ̀dùn, ó gùn, ó tín-ín-rín, ó ń lọ, ó ń lọ, títí tí èémí fi tán nínú rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ẹ bá rò pé ó ti parí, ó ṣì kù.

Mo ti dán ohùn yẹn wò nínú yàrá mi, tí àwọn ará ilé wá ń kanlẹ̀kùn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ kì í ṣe gígùn rẹ̀. Ohun tó le ni pé ẹni tó bá ti ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran náà kò ní èémí tí yóò fi ké e, òǹwòran náà kò sì ní àyè tí yóò fi gbọ́ ọ. Dench ti pa ẹnu mọ́ láti ìdajì eré. Láti ibi àsè, níbi tó ti ń bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí lójú àlejò, ó ti ń gbé nǹkan kan mì. Àwa náà ti ń gbé e mì pẹ̀lú rẹ̀ láìmọ̀. Ẹyọ kan ló jẹ́ kó jáde, ìdí nìyẹn tó fi gún wa. Ẹ má ṣì mí gbọ́: mi ò ní kí á má sunkún nínú fíìmù wa. Ìbéèrè mi ni pé níbo la ti kó ẹkún náà jọ sí kí á tó tú u jáde.

Ohùn rẹ̀ tó há yẹn náà, àléébù ni wọ́n kọ́kọ́ kà á sí. Nígbà tó ṣe Sally Bowles nínú Cabaret ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1968, wọ́n ní ilé eré lẹ ìwé mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé ara arábìnrin yìí le o, bí ohùn rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ohùn náà máa ń já láàárín ọ̀rọ̀, bí aṣọ tó fẹ́ ya tí kò ya. Ó mọ ìgbà tó ń já, ó sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó ba ìlù ọ̀rọ̀ jẹ́. Àwọn tó tọ́ ọ dàgbà nínú iṣẹ́, John Gielgud àti Peggy Ashcroft, ọ̀gá ni wọ́n nínú sísọ ewì orí ìtàgé. Òun àtàwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe The Cherry Orchard lọ́dún 1961. Olùdarí eré náà fojú rẹ̀ rí màbo níbi ìdánrawò, Gielgud ló sì fi ọ̀rọ̀ rere kan gbé e dìde: ó ní bó bá jẹ́ pé òun ló ń darí rẹ̀, inú òun ì bá dùn. Peter Hall, olùdarí tó bá a ṣiṣẹ́ nígbà tó yá, kì í fọwọ́ kékeré mú ewì; ibi tí ìlà bá parí sí ni kí ọ̀rọ̀ fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ díẹ̀ kó tó máa lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ oníjàálá gidi mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe ibi tó bá wù ú ló ti ń mí.

Peter Hall yìí kan náà ló ní kó wá ṣe Cleopatra ní National Theatre lọ́dún 1987, kí Anthony Hopkins ṣe Antony. Dench ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó bi Hall bóyá ó dá a lójú pé obìnrin ràrá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń dáwọ́ dúró ni ó fẹ́ fi ṣe ọba tí ẹwà rẹ̀ da ilẹ̀ Róòmù rú. Ó ṣe é, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Olivier. Kò díbọ́n pé òun ga, kò sì díbọ́n pé òun jẹ́ ọmọge. Ó yára ni. Bó ti ń bínú ló ti ń rẹ́rìn-ín, kí Antony tó mọ èyí tó ń dáhùn, ó ti bọ́ sórí òmíràn. Ẹwà wá di ohun tó ń ṣe, kì í ṣe ohun tó ní.

Ó ní àṣà kan tí n kò lè bá a dá. Kì í ka eré kó tó gbà láti ṣe é. Michael Williams, òṣèré tó fẹ́ lọ́dún 1971, ló máa ń kà á fún un tí á sì sọ bó ṣe rí. Àwọn méjèèjì jọ ṣe A Fine Romance lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì jọ ṣe Pack of Lies lórí ìtàgé. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa Williams ní oṣù kìíní ọdún 2001. Dench kò jókòó sílé. Lọ́dún yẹn ló ṣe Iris, ipa òǹkọ̀wé kan tí àrùn ń gba iyè rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo fíìmù náà kí ẹ sì fi ìyẹn sọ́kàn. Kò sí ibì kan tó ti fi ìbànújẹ́ tirẹ̀ tọrọ àánú lọ́wọ́ wa.

Gbogbo ohun tó fọwọ́ bà kọ́ ló dára o. Lọ́dún 1981, ó wà nínú àwọn tó fẹ́ ṣe Cats, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já níbi ìdánrawò, ẹlòmíràn gba ipa rẹ̀. Lọ́dún 2019, wọ́n sọ Cats di fíìmù, wọ́n da irun ológbò bò ó lára. Mo wò ó dópin nítorí rẹ̀. Ẹ má dà mí láàmú.

Lọ́dún 2012, ó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ojú òun ti ń lọ. Àrùn àgbà kan ń jẹ àárín ojú, ìwé sì ti ń di kíkà tì. Láti ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ eré sí i létí títí yóò fi há a sórí. Ní 2015, ó ṣe Paulina nínú The Winter's Tale pẹ̀lú Kenneth Branagh ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1969, nínú eré kan náà yìí, òun nìkan ló ṣe ìyá tó sì tún ṣe ọmọ. Paulina ni obìnrin tó ń sọ òótọ́ fún ọba tí ẹnikẹ́ni ò lè bá sọ̀rọ̀, Dench sì gba Olivier lórí rẹ̀ lọ́dún 2016. Nígbà tí òun àti Brendan O'Hea gbé ìwé jáde lọ́dún 2023 lórí gbogbo ipa Shakespeare tó ti ṣe, orí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n gbé e lé: O'Hea ń béèrè, òun ń rántí.

Gbígbọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó tiwa náà fi ń kọ́ eré. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipa, á sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọ létí, o ó sì máa dá a lóhùn títí ọ̀rọ̀ á fi di tìrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ìwé eré kankan lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi etí kọ́ ọ̀rọ̀, ó ti gbọ́ ohùn ẹnìkejì pọ̀ mọ́ tirẹ̀, kì í dúró de ìgbà tó máa kàn án. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kí Dench lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìtàgé nìyẹn: ó ń gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ báyìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń ka láìnì, tí olúkúlùkù á máa wo tirẹ̀ nìkan. Mo ti ń ní kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹnìkan máa ka gbogbo ìran náà sí wọn létí. Wọ́n ń ráhùn pé ó ń jẹ àkókò. Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́.